Ẹsẹ̀ tí ń ta bí ẹni pé ìjàlọ ń rìn níbẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni fítámì B ń tún iṣan ìmọ̀lára ṣe?

Adùnní_Kubwa (ẹni tí ó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 63 ni wọ́n, ọ̀dọ̀ mi ní Kubwa ni wọ́n sì ń gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti di olóògbé. Ó ti tó ọdún 9 tí wọ́n ti ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ. Láti nǹkan bí oṣù 7 sẹ́yìn ni wọ́n ti ń sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta àwọn bí ẹni pé ìjàlọ ń rìn níbẹ̀, pàápàá ní òru. Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé ọyẹ́ ni, nítorí ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń le níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ lọ, ìrora náà kò lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn bí a ti ń wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò sì mọ̀ títí ẹlòmíràn fi mú un lé wa. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí.

Ọkùnrin tó ni kẹ́míìsì ní òpópónà wa ní iṣan ìmọ̀lára wọn ni ó ti rẹ̀. Ó ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ kan tí ó pupa bí sobo ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì fi oògùn oníhóró tí ó ní B1, B6 àti B12 kún un. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé lóòótọ́ ni fítámì B máa ń tún iṣan ìmọ̀lára ṣe, àbí owó lásán ni à ń ná? Bí mo bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, “ó ń fún iṣan lókun” nìkan ni ìdáhùn tí mo máa ń gbà.

Apòògùn_Wuse

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Iṣẹ́ apòògùn ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n n kò fojú rí màmá, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi dípò ti dókítà.

Iṣan ìmọ̀lára yàtọ̀ sí iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ó sì yàtọ̀ sí iṣan apá tí a fi ń gbé ẹrù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni Yorùbá ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi wé wáyà iná. Okùn tín-ín-rín kan wà láàárín tí ìròyìn ń gbà kọjá. Ìwọ̀ ọlọ́ràá kan tí wọ́n ń pè ní myelin sì wé mọ́ púpọ̀ nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí rọ́bà ti ń wé mọ́ wáyà. Èyí tí ó ti ẹ̀yìn wá dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ àgbàlagbà lè gùn tó mítà kan. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ni ìṣòro ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó jìnnà jù lọ sí orísun tí okùn náà ti ń rí oúnjẹ jẹ.

B1 ni ara fi ń sọ ṣúgà inú oúnjẹ di agbára, iṣan ìmọ̀lára sì wà lára àwọn tí kò lè fara da ebi agbára rárá. B6 ni ara fi ń pèsè àwọn èròjà tí iṣan kan fi ń ránṣẹ́ sí èkejì, bíi serotonin àti dopamine. B12 ni ó kan ìwọ̀ tí mo sọ yẹn: bí kò bá tó, ìwọ̀ náà á máa bó, ìròyìn á sì máa ṣìnà lójú ọ̀nà. Ohun tí màmá ń pè ní ìjàlọ yẹn, ìròyìn tó ṣìnà ni.

Nítorí náà, ọkùnrin yẹn kò parọ́ tán. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé ó ti ń kan páànù kí ó tó mọ ibi tí òrùlé ti ń jò. Ohun tí àìtó fítámì B bà jẹ́ ni fítámì B lè tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ ṣúgà ìnú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń jẹ okùn náà run, ẹ lè gba abẹ́rẹ́ pupa fún ọdún kan gbáko, ṣúgà náà á ṣì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ metformin ni ó mú mi dúró. Oògùn rere ni, èmi náà máa ń tà á lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá lò ó pẹ́, ó lè dí ara lọ́wọ́ láti gba B12 sínú ní ìparí ìfun kékeré. Ní ọdún 2022, àjọ tí ń mójú tó oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí àwọn dókítà wọn pé kí wọ́n máa yẹ B12 wò lára ẹni tó ń lo metformin bí àmì àìtó rẹ̀ bá ti yọjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn: ṣé màmá ń lo omeprazole tàbí oògùn ọgbẹ́ inú mìíràn? Ṣé wọ́n ń jẹ ẹran tàbí ẹja? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti yẹ B12 wò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Adùnní_Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an ni, sà. Wọ́n ń lo omeprazole lóòótọ́, ó ti lé ní ọdún méjì. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹran mọ́ nítorí eyín. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín aláìlẹ́yin ni wọ́n fẹ́ràn. Kò sí ẹni tó yẹ B12 kankan wò. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ti gbà.

Apòògùn_Wuse

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n wá pàdé sójú kan báyìí. Inú oúnjẹ ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni B12 wà, màmá kò sì jẹ wọ́n tó. Omi kíkan inú ikùn ni ó máa ń tú u sílẹ̀ lára ẹran, omeprazole sì ń dín omi kíkan náà kù. Metformin wá ń dí i lọ́wọ́ ní ìparí ìfun. Ẹ má ṣe dá èyíkéyìí nínú oògùn wọ̀nyí dúró fúnra yín o. Ẹ lọ bá dókítà kí ó yẹ B12 wò, kí ó sì yẹ ṣúgà oṣù mẹ́ta wò, ìyẹn àyẹ̀wò tí ń fi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti rí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Ẹ sọ fún un pé abẹ́rẹ́ mẹ́rin ti wọlé, nítorí ó lè gbé iye B12 inú ẹ̀jẹ̀ sókè kí àyẹ̀wò sì dà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí àyẹ̀wò ṣáájú abẹ́rẹ́.

Tíṣà_Zaria

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ní ọdún tí mo ṣàìsàn ikọ́ ife, oṣù mẹ́fà ni mo fi gba ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì tó ń fún mi lóògùn kò jẹ́ kí n lọ sílé láìgba hóró kékeré kan tí ó funfun, ó ní B6 ni. Mo béèrè ohun tí fítámì ní í ṣe pẹ̀lú ikọ́. Ó ní isoniazid tí ó wà lára oògùn ikọ́ ife máa ń lé B6 kúrò nínú ara, àti pé bí a kò bá dá a padà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta, á sì máa jó bí iná. Mílígíráàmù 25 ni ti tèmi lójúmọ́. Ẹnì kan tí a jọ ń gba oògùn máa ń da tirẹ̀ nù nítorí ó rò pé fífi oògùn kún oògùn ni; kí oṣù kẹta tó pé, kò lè wọ bàtà mọ́ nítorí iná tí ń jó o lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá B6 padà fún un, ara rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ kan.

Mo mú èyí wá nítorí ó bá ohun tí apòògùn sọ mu. Wọ́n mọ ohun tó ń jí B6 lọ, ìyẹn ni B6 ṣe ṣiṣẹ́.

Ọmọ_Ìkárẹ́ (Nyanya)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlú tèmi kún un, nítorí àwọn ènìyàn máa ń rò pé ìwé òyìnbó nìkan ni ọ̀rọ̀ fítámì B wà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkárẹ́-Àkókó, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, a máa ń gbọ́ pé lágbájá jí láàárọ̀ kò sì lè dúró. Ara á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ á máa takọ bí ti ọ̀mùtí, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ́ lẹ́nu. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é, àwọn kan ní òòṣà ni. Irú rẹ̀ wà ní Iléṣà náà, débi pé àwọn dókítà òyìnbó tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 fi orúkọ Ìjẹ̀ṣà pe àìsàn gbígbọ̀n náà nínú ìwé wọn. Dókítà Bọ́lá Adámọ́lẹ́kún ni ó wá tọpasẹ̀ rẹ̀ ní agbègbè Ìkárẹ́, tó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1993: ó rí i pé ìdin kan tí wọ́n ń pè ní Anaphe, èyí tí a máa ń yan jẹ ní àsìkò òjò, ni ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn náà jẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èròjà kan wà nínú ìdin náà tí ó máa ń fọ́ B1 sí wẹ́wẹ́, yíyan lórí iná kì í sì í pa á tán. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, tó jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án, tí B1 rẹ̀ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, ni ó máa ń mú balẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú rẹ̀ ni bí ìtọ́jú náà ti yá tó. Wọ́n fún wọn ní B1, ẹni tí wọ́n gbé wá bí òkú igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èmi fúnra mi jẹ ìdin náà bí ẹni jẹ ẹ̀pà, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan, nítorí ìyá mi máa ń se ẹ̀wà ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀wà ni ó ń dáàbò bò mí. Ẹkún ni mo máa ń sun tí mo bá rí i.

Tíṣà_Zaria

Ọmọ Ìkárẹ́, o pa mí lẹ́rìn-ín, o sì rán mi létí nǹkan. Mo máa ń sọ ìtàn adìyẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ní erékùṣù Java, ní nǹkan bí ọdún 1890, dókítà ará Netherlands kan, Christiaan Eijkman, rí i pé àwọn adìyẹ ilé ìwòsàn wọn kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ mọ́, bí àwọn tí beriberi ń ṣe, ìyẹn àìsàn tí àìtó B1 ń fà. Ìrẹsì funfun tí wọ́n ti bó mọ́lẹ̀ láti ilé ìdáná ni wọ́n ti ń fi bọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n padà sí ìrẹsì tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára, wọ́n dìde. Inú èèpo náà ni B1 wà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1929. Bí mo bá sọ ọ́ tán, àwọn ọmọ á wo túwó ṣìńkáfá tó funfun báláú nínú abọ́ oúnjẹ ọ̀sán wọn, wọ́n á sì wò mí.

Tọ́níìkì_Lugbe

Ẹ ń fi ọ̀rọ̀ gígùn da ọmọ obìnrin yìí láàmú. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ṣe àwọn àgbà. Kí ó ra folic acid àti tọ́níìkì ẹ̀jẹ̀ fún màmá, ara wọn á yá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀, iṣan á gbádùn.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada

Mo máa ń ka ojú-òpó yìí láìsọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fi ti òkè yìí sílẹ̀.

Bọ̀dá mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ohun tí ẹ dá lámọ̀ràn yìí lè ṣe ìpalára fún irú màmá yìí gan-an. Folic acid àti B12 ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Bí B12 kò bá tó, ẹ̀jẹ̀ á dín kù. Bí ẹ bá wá da folic acid púpọ̀ lé e lórí, ẹ̀jẹ̀ lè padà bọ̀ sípò, ojú á pọ́n, gbogbo ilé á yọ̀. Ṣùgbọ́n folic acid kò lè bá B12 ṣe iṣẹ́ ìwọ̀ iṣan. Iṣan á ṣì máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀, nígbà tí àmì tí ìbá ti ké sí dókítà ti fara sin. Bí ó bá pẹ́ jù, ó máa ń dé inú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ènìyàn kò sì ní mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun wà bí ó bá di ojú. Mo ti tọ́jú irú wọn. Bí wọ́n bá dúró ní ilé ìwẹ̀ tí wọ́n di ojú láti fọṣẹ sí i, wọ́n á ṣubú.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò dín kù rárá tí iṣan wọn sì ti bàjẹ́ nítorí B12. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé “ẹ̀jẹ̀ wọn pé, kì í ṣe B12”.

Tọ́níìkì_Lugbe

Mo gbọ́, àǹtí. N kò mọ apá ti ọ̀pá ẹ̀yìn yẹn. Aboyún tí wọ́n máa ń fún ní folic acid ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada

Ti aboyún yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró o. Máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó dúró bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti máa ń pa dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, kí ìyá mìíràn tó mọ̀ pé òun lóyún.

Awakọ̀_Mararaba

Èmi ni ẹ̀rí ìdàkejì. Ọkọ̀ ni mo ń wà láti Mararaba wọ ààrin Àbújá, ẹ sì mọ gò-sílóò ọ̀nà yẹn. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ọwọ́ òsì ń ta mí díẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan fún mi ní oògùn iṣan. Mo fi òmíràn kún un fún agbára. Èyí tí mo ń pò mu bí omi ọsàn láàárọ̀ jẹ́ ẹ̀kẹta. N kò ka ara páálí èyíkéyìí nínú wọn, nítorí ohun tí mo mọ̀ ni pé fítámì kì í pa ènìyàn, bí ó bá pọ̀ jù, èèyàn á tọ̀ ọ́ dànù.

Lẹ́yìn bí ọdún kan ààbọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú débi pé n kò mọ bí mo ṣe ń tẹ bíréèkì. Mo wá ń wo ẹsẹ̀ mi kí n lè mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo dé, wọ́n tún kọ fítámì B fún mi! Dókítà kejì ni ó ní kí n kó gbogbo ohun tí mo ń gbé mì wá nínú ọ̀rá. Ó ro B6 inú wọn pọ̀, ó lé ní mílígíráàmù 300 lójúmọ́. Ó ní B6 tó pọ̀ jù ni ó ń ba iṣan ìmọ̀lára mi jẹ́. Ohun tí mo ń lò fún iṣan ni ó ń jẹ iṣan.

Mo dá gbogbo rẹ̀ dúró. Oṣù mẹ́jọ kí n tó mọ bíréèkì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún dáadáa. Ti òsì kò tíì pé.

Apòògùn_Wuse

Ẹ kú ewu, Awakọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ka ìjíròrò yìí, ẹ padà lọ ka ti Awakọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Kì í ṣe àwàdà rárá. Ní ọdún 1983 ni àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà ti kọ nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gbé gíráàmù méjì sí mẹ́fà B6 mì lójúmọ́ títí wọn kò fi lè rìn dáadáa mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé kò dìgbà tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti pẹ́. Ní Amẹ́ríkà, mílígíráàmù 100 lójúmọ́ ni wọ́n ní kí àgbàlagbà má kọjá. Àjọ oúnjẹ ilẹ̀ Yúróòpù ní tiwọn sọ ọ́ kalẹ̀ sí 12 péré ní ọdún 2023. Ohun tí ara àgbàlagbà nílò ní ti gidi kò ju mílígíráàmù kan àti díẹ̀ lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀dùnkún, ẹja àti ẹ̀pà lè pèsè rẹ̀. Ẹ wo ara páálí àwọn oògùn iṣan tí a ń tà: ẹ óò rí èyí tó ní 100, tàbí 200, nínú hóró kan. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún àsìkò kan fún ìdí kan, kò burú. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ gúgúrú láti ọdún dé ọdún ni mò ń bá wí. Èmi náà jẹ̀bi díẹ̀, nítorí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo máa ń tà á láìbéèrè ohun tí ẹni náà ti ń lò nílé.

B1 àti B12 kò ní irú ewu yìí ní ìwọ̀n tí a ń lò ó. B6 nìkan ni ó ní ojú méjì bẹ́ẹ̀ nínú wọn.

Aláìjẹran_Gwarinpa

Ẹ jọ̀wọ́, èmi kì í jẹ ẹran, n kì í jẹ ẹja, ó ti di ọdún mẹ́fà nítorí ẹ̀sìn mi. Ẹnì kan sọ fún mi pé irú tí a fi ń se ọbẹ̀ ní B12 nínú nítorí pé ó ti kàn. Ìyẹn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ara kò tíì ta mí.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada

Irú dùn, ó sì ní oore tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ B12 lé e. Igi àti ewéko kì í ṣe B12, kòkòrò àìfojúrí kan nìkan ló ń ṣe é, èyí tí irú sì lè ní kò ṣeé fọkàn tán. Bí ara kò bá tíì ta yín, ó lè jẹ́ pé ohun tí ẹ̀dọ̀ yín ti kó pamọ́ ni ẹ ṣì ń jẹ. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú B12 tí ènìyàn lè fi lo ọdún méjì sí márùn-ún. Ti B1 kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ tí àpótí á fi gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ti Ìkárẹ́ fi máa ń dé lójijì, tí ti B12 sì máa ń yọ́ wọlé bí olè. Bí ẹ̀sìn yín bá gba wàrà àti ẹyin, àwọn Fúlàní tó ń gbé nónò kiri ní Gwarinpa lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i dájú pé wàrà rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti sè. Bí ẹ̀sìn kò bá gbà á, ẹ lo hóró B12.

Adùnní_Kubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A lọ sí ilé ìwòsàn. Ní àkọ́kọ́ ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan fẹ́ kọ “ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ” sílẹ̀ kí ó sì jẹ́ kí a máa lọ. Mo ka ohun tí ẹ kọ síbí fún un láti orí fóònù. Kò bínú, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà lu irin kan tí ń gbọ̀n rìrì, ó fi ìdí rẹ̀ kan eegun ọrùn ẹsẹ̀ màmá, ó ní kí wọ́n sọ ìgbà tí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró. Màmá béèrè pé, “Gbígbọ̀n wo?” Wọn kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n di ojú; èmi ni mo dì wọ́n mú.

B12 wọn jẹ́ 171, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mẹ́rin tó ti wọlé. Dókítà ní èyí tó bá wà lábẹ́ 200 ti dín kù jù, ó sì ṣe é ní kàyéfì pé abẹ́rẹ́ mẹ́rin kò gbé e ga ju báyìí lọ. Ó fura pé oògùn inú ìgò kẹ́míìsì náà kò péye. Ṣúgà oṣù mẹ́ta jẹ́ 8.6, ìyẹn náà kò dára. Ó ní ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jọ wà níbẹ̀, àti pé èyí tó ṣeé dá padà ni kí a yára mú. Abẹ́rẹ́ B12 nìkan ni ó kọ, máíkírógíráàmù 1000, ọjọ́ kan gbà, ọjọ́ kejì sinmi, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó tó wá di oṣù méjì-méjì. Ó ní kí a da hóró tó ní B6 nù. Ó ní kí màmá ṣì máa lo metformin, wọ́n sì fi òmíràn tì í lẹ́yìn. Omeprazole ni ó ní kí a dín kù díẹ̀díẹ̀.

Màmá béèrè ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn máa padà. Dókítà kàn ní “ẹ ní sùúrù”. Ẹ jọ̀wọ́, sùúrù tó báwo?

Apòògùn_Wuse

Ìdáhùn dókítà yẹn kúrú, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ìwọ̀ iṣan lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í padà, láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù mélòó kan. Bí okùn àárín fúnra rẹ̀ bá ti já, nǹkan bí mílímítà kan lójúmọ́ ni ó fi ń hù padà, bí ó bá máa hù. Ẹ fi ìyẹn ṣírò láti orúnkún dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn, ẹ óò rí i pé ó ju ọdún kan lọ. Bí ènìyàn bá ṣe tètè gba ìtọ́jú sí ni ó ṣe ń padà sí. Oṣù 7 kò tíì burú jù, ṣùgbọ́n n kò ní ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ ni yóò padà, nítorí apá ti àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ yìí kò sì lè ṣe nǹkan sí ìyẹn.

Láàárín àkókò yìí, kí màmá má ṣe fi ẹsẹ̀ wọ omi gbígbóná láti fi mọ̀ bóyá ó gbóná. Ìgúnpá tàbí ọwọ́ ẹlòmíràn ni kí wọ́n fi wò ó. Kí ẹ máa gbé dígí sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ní alaalẹ́. Ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ ìrora lè gun ìṣó kí ó sì jẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Àti pé bí wọ́n bá rẹ abẹ́rẹ́, hóró B12 oní 1000 wà. Nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀ máa ń wọlé láìgba ọ̀nà tí metformin dí, ìyẹn nìkan sì ti ju ohun tí ara nílò lóòjọ́ lọ, nítorí máíkírógíráàmù 2.4 ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ parí ti abẹ́rẹ́ kí ẹ tó bá dókítà sọ ìyẹn.

Ọmọ_Ìkárẹ́ (Nyanya)

Ẹ jẹ́ kí màmá máa jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù díẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ nítorí eyín. Ẹ̀dọ̀ wà lára àwọn oúnjẹ tí B12 pọ̀ nínú wọn jù lọ.

Tíṣà_Zaria

Fúrà pẹ̀lú nónò náà ńkọ́? Ilé wa níbí kì í wà láìní in.

Adùnní_Kubwa

Wàrà inú rẹ̀ dára fún wọn, sà, ṣùgbọ́n ṣúgà tí obìnrin tó ń tà á máa ń bù sí i nìyẹn. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kí ó máa fi tiwa sílẹ̀ láìdàpọ̀, ó sì ń wò mí bí ẹni tí kò mọ adùn. Ẹ̀dọ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀.

Adùnní_Kubwa

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ọ̀sẹ̀ 11 rèé. Ìjàlọ òru ti dín kù gan-an, wọ́n ń sùn di ìdájí. A padà sọ́dọ̀ ọ̀gá dókítà ní àná, ó sì tún lu irin rẹ̀. Ní eegun ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, màmá gbọ́ ọ, wọ́n ní “ó ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n, ó ti dákẹ́”, wọ́n sì gba ọwọ́ dókítà mọ́ra. Ní ti òsì, wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀. Nígbà tí ó gbé e dé orí àtàǹpàkò, wọ́n wò mí, wọ́n mi orí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní kí a padà wá ní oṣù mẹ́ta òní.